Ìyá Olówùú, Ìbọn Rẹ̀ àti Ilẹ̀ Onípákó

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Olówùú, lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe pé ó ń ta òwú ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ó bá ti ń wọlé bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, fọ́nrán òwú funfun ni yóò bo irun orí rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ àti ọrùn aṣọ rẹ̀, tí àwọn ọmọdé yóò sì máa bi í pé ṣé inú ìrọ̀rí ni ó ti ń bọ̀. Nígbà tí ó yá, òwú náà kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò. Ohun kejì tí kò kúrò ni ohun tí ariwo ẹ̀rọ náà fi etí rẹ̀ ṣe.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ibi iṣẹ́ náà ti rí, nítorí láìsí àlàyé yìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní yé ènìyàn. Gbọ̀ngàn gígùn kan ni. Pákó ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn, àwọn ẹ̀rọ sì tò sí ọ̀tún àti òsì bí ibùsùn inú ilé ìwòsàn. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ètè àti ọwọ́ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n lè ṣe òfófó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí ọ̀gá wọn dúró sáàárín kí ó má sì mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń bú. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Bí o bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ, o kò gbọdọ̀ ṣàdédé fọwọ́ kàn án, nítorí bí ó bá ta gìrì, ìka rẹ̀ lè bá òwú lọ. O ní láti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: gbì, gbì. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni o tó lè fọwọ́ tọ́ ọ léjìká.

Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà yìí lò tó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Olówùú. Obìnrin náà kúrú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹsẹ̀ lulẹ̀, ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò bojú wẹ̀yìn. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ni wọ́n sọ ọ́. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì wọ iṣẹ́, wọ́n jọ fẹ̀yìn tì, etí wọn sì jọ kú díẹ̀díẹ̀, bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ.

Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Ìyá Olówùú nìkan ni ó ń gbé ilé wọn. Ó ń bá àwọn ènìyàn lẹ aṣọ tí ó bá ya. Ìdí nìyí tí kì í fi í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, nítorí bí ó bá tì í, oníbàárà yóò kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ yóò fi bó, òun kò sì ní gbọ́. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kàn máa ń ṣílẹ̀kùn wọlé ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń lọ aṣọ, ó sì ń kọrin. Ó fẹ́ràn orin kíkọ bí kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí ó ń kọ mọ́. Nígbà tí ó jáde sí pálọ̀, àwọn olè ti wá, wọ́n sì ti lọ. Wọ́n gbé rédíò tí kò wúlò fún un mọ́, wọ́n gbé aago ògiri, wọ́n sì kó bàtà olóògbé ọkọ rẹ̀. Gbogbo èyí kò dùn ún tó ohun tí ó rí lórí tábìlì. Ife kan wà níbẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

“Wọ́n jókòó,” ni ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bá a kẹ́dùn. “Wọ́n bu omi, wọ́n jókòó, wọ́n mu ún. Èmi sì wà níbẹ̀, mò ń kọrin fún wọn.”

Aládùúgbò rẹ̀ kan sọ fún un pé òun gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga, òun rò pé ó gba àlejò ni. Ìyá Olówùú wo ẹnu obìnrin náà títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé òun yóò ní ìbọn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó mú un lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n bá níbẹ̀ ní túbọ̀mu tí ó nípọn tí ó fi bo ètè rẹ̀, Ìyá Olówùú kò sì lè rí ọ̀rọ̀ kankan kà ní ẹnu rẹ̀.

“Màmá, kí ni ìdí tí ẹ fi fẹ́ ní ìbọn?”

“Kí ló wí?” ni ó bi ọmọ rẹ̀. “Irun ti bo ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí mọ́lẹ̀.”

“Wọ́n ní kí lẹ fẹ́ fi ìbọn ṣe, Màmá.”

“Sọ fún un pé ẹ̀yin ní etí. Èmi náà fẹ́ ní nǹkan.”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò ṣe ra ajá?”

Nọ́ọ̀sì tún un sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá Olówùú mi orí. “Ajá á gbó. Ta ló máa gbọ́ ọ?”

“Kí ọmọ yín wá máa bá yín gbé, nígbà náà.”

Nọ́ọ̀sì kò tún èyí sọ. Ó wo ilẹ̀.

“Kí ló tún wí?”

“Wọ́n ní kò burú, Màmá.”

Ọ̀gá náà wo ọmọ, ó wo ìyá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí ìdáàbòbò ara ẹni ni. Ó ṣàlàyé pé òfin gbà pé kí ènìyàn dáàbò bo ara rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojú rere. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, Ìyá Olówùú sọ pé ọ̀rọ̀ náà tóbi ju òun lọ, ṣùgbọ́n òun gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí pápá láti kọ́ bí a ti ń yìnbọn. Kò gbọ́ ìró rẹ̀. Èjìká rẹ̀ nìkan ni ó gbọ́ ọ.

Ìbọn gígùn ẹlẹ́nu méjì ni. Ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àga rẹ̀, pẹ̀lú ọta nínú. Ojú fèrèsé ni ó máa ń kọ sí bí ó bá ń ránṣọ, nítorí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bí ó bá kọjú sí ilẹ̀kùn, òjìji rẹ̀ yóò bo aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti gbé dígí síwájú ara rẹ̀ rí kí ó lè máa wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹyẹ tí ó bá fò kọjá lójúde ni ó ń mú un fò sókè, títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tí ó fi aṣọ bo dígí náà. Ìbọn ni ó kù. Bí ó bá ń lọ sí ilé ìdáná, ó ń gbé e dání. Bí ó bá ń lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ń gbé e dání.

“Ó wúwo ju ọmọ lọ,” ni ó sọ fún bàbá mi nígbà kan, “kì í sì í rẹ́rìn-ín síni.”

Bàbá mi bi í pé ọkàn rẹ̀ ha balẹ̀ báyìí. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ibi tí ọwọ́ òun yóò lọ.

Ní àkókò yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì wá sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí ilé ìyá rẹ̀. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà sì ti ń sáré kiri. Láàárọ̀, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án kò sí ẹni tí yóò máa mójú tó o títí ìyá rẹ̀ yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá Olówùú ti ń retí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti fọ ìbora kékeré kan, ó ti sá a, ó sì ti ká a sórí ibùsùn kí ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu.

“Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ kó máa wà, Màmá,” ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó kọjú sí i dáadáa kí ó lè rí ètè òun. “Ṣùgbọ́n ìbọn yẹn ò lè wà nínú ilé tí ọmọ mi bá wà.”

“Ìbọn ni mo ní. N ò ní wèrè.”

“N ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Tí wọ́n bá tún wọlé, tí ọmọ yẹn sì wà lọ́wọ́ mi, kí ni kí n fi gbà á sílẹ̀? Abẹ́rẹ́?”

“Èmi ni mò ń wẹ ojú ọgbẹ́ àwọn tí ìbọn bà, Màmá. Kì í ṣe olè ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ, ìyàwó, ẹni tó ṣèèṣì wọlé. Àwọn ni mò ń wẹ̀.”

“Àwọn tí olè pa kì í dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ò lè mọ iye wọn.”

Wọ́n jókòó báyìí, ìbọn sì wà láàárín wọn bí ẹnì kẹta tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní òun yóò wá ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú ọmọ náà. Ìyá Olówùú gbé ìbora padà sínú àpótí. Kò bínú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé bí òun bá gbé ìbọn sílẹ̀, òun kò ní lè sinmi, bí òun kò bá sì gbé e sílẹ̀, òun kò ní rí ọmọ, nítorí náà òun kò mọ èwo ni kí òun máa pè ní ààbò.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin mú aṣọ ibùsùn tí ó ya wá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, agbòjò ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, orí tí ó tẹ̀ sórí iṣẹ́, ọwọ́ tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí ó ti rí i nìyí ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ wọn. Ó ṣe ohun tí ó máa ń ṣe: ó fẹsẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró díẹ̀, ó sì fọwọ́ tọ́ ọ léjìká.

Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ilé Ìyá Olówùú. Sìmẹ́ńtì kò jíṣẹ́.

Kí Ẹlẹ́sẹ̀-Irin tó gbọ́wọ́ kúrò, àga ti ṣubú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹnu ìbọn méjèèjì kàn án láyà, ìka sì ti wà níbi tí a ti ń fà á. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin sọ fún mi pé òun kò rí ojú ọ̀rẹ́ òun rárá ní ìṣẹ́jú náà, ojú àjèjì ni òun rí. Kò kígbe. Igbe kò wúlò láàárín àwọn méjèèjì. Ó la ẹnu dáadáa, bí wọ́n ti ń ṣe nídìí ẹ̀rọ, ó sì fi ètè sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ara wọn jù lọ nígbà náà, bí ẹnì kan bá ní láti dá ẹ̀rọ dúró:

“Òwú já.”

Ìyá Olówùú kà á. Ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó gbé ìbọn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tí ó sùn, ó sì jókòó sórí ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà jókòó tì í, pẹ̀lú agbòjò tí kò tíì pa dé.

“Mo lulẹ̀,” ni Ẹlẹ́sẹ̀-Irin wí.

“N ò gbọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lù ú. Má purọ́ mọ́ ẹsẹ̀ mi.”

“Sìmẹ́ńtì ni. Lù ú kí n rí i.”

Ó dìde, ó lù ú. Ìyá Olówùú fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀, ó sì mi orí. Ó tún lù ú. Ó lù ú títí bàtà rẹ̀ fi fẹ́ já.

“Ẹlẹ́sẹ̀-Irin,” ni Ìyá Olówùú wí, “o ti di Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́.”

“Àwọn tó kọ́lé fún ẹ ni kó o bú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Olówùú gbìyànjú láti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò sì lè bọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á, ó bá a bọ̀ ọ́.

“N ò ní sọ pé o ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i,” ni ó wí nígbà tí ó dá abẹ́rẹ́ padà. “Tí wọ́n bá jókòó mu omi nínú ilé tèmi, èmi náà á fẹ́ ní i. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olè wọlé yìí. Èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.”

Ìyá Olówùú tún fi ọwọ́ lu sìmẹ́ńtì. Ó ń wo ilẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó ní kí ó tẹ́ pákó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga òun, kí ó gbé e sókè díẹ̀ lórí igi kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, kí ó sì máa mì bí ènìyàn bá gùn ún. Káfíńtà náà fọwọ́ lẹ́rán.

“Màmá, mo lè kàn án kó má mì rárá.”

“Tí kò bá mì, màá ní kó o tú u.”

“Gbogbo ayé ló ń bẹ̀ mí kí n ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń bẹ̀ mí kí n bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fáwọn èèyàn pé èmi ni mo kàn án.”

“Tí wọ́n bá bi mí, n ò ní gbọ́.”

Nígbà tí ó parí rẹ̀, Ìyá Olówùú bọ́ bàtà, ó jókòó, ó sì di ojú. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin jáde, ó tún wọlé. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lé pákó, Ìyá Olówùú na ìka sókè. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin yọ́ rìn bí ológbò. Ìka náà tún dìde. Ó sọ fún un pé kí ó má wulẹ̀ yọ́ rìn mọ́, pé òun mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti ń wọ́lẹ̀.

Ó ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wá ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó rìn lórí pákó náà lọ, ó rìn ín bọ̀, ó sì wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àga.

“Pákó yìí dáa, Màmá. Ìbọn ńkọ́?”

“Pákó á sọ fún mi pé èèyàn wọlé. Kò ní sọ fún mi pé ta ni.”

“Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa la tún padà sí yìí.”

“Mo mọ̀.” Ìyá Olówùú fọwọ́ nu ojú. “Ìwé àṣẹ mi ṣì wà, n ò sì ní dá a padà. Ẹ̀tọ́ mi ni, ọ̀gá onítúbọ̀mu yẹn ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbé e títí, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ pa lọ́jọ́ yẹn. Ìbọn ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni.”

Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, tí ó ti ń wo ètè àwọn méjèèjì láti orí àga rẹ̀, na ọwọ́ síwájú. “Kó ọta yẹn fún mi. Ìbọn á wà lọ́dọ̀ rẹ, ọta á wà lọ́dọ̀ mi.”

Nọ́ọ̀sì ronú sí i. “Tí olè bá wá ńkọ́, Màmá?”

“Màá lọ gba ọta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.”

“Ẹ máa kan ilẹ̀kùn, wọn ò sì ní gbọ́.”

“Mo mọ̀,” ni Ìyá Olówùú tún wí. Ó yọ ọta inú ìbọn, ó kó wọn pọ̀ mọ́ èyí tí ó wà nínú àpò, ó sì kó gbogbo wọn lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni ó ti ìbọn náà mọ́ inú àpótí irin, ó sì tún ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó gbà pé kí ọmọ náà máa wá. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tán nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Olówùú ni ọmọ náà ń wà báyìí lọ́sàn-án. Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ pé pákó náà ń dáhùn bí òun bá fò lé e. Yóò fò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, yóò yí padà, yóò tún bẹ̀rẹ̀, títí oorun yóò fi gbé e. Mo wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ náà ti sùn sórí ìbora kékeré. Ìyá Olówùú ń lẹ aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ilẹ̀kùn. Lójijì, pákó mì. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ tí ó sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ àga, tí ó wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, tí ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó padà wá sórí aṣọ.

“Rìn jẹ́jẹ́,” ni ó sọ fún Nọ́ọ̀sì láì bojú wẹ̀yìn. “Ó ti sùn. Ẹsẹ̀ mi ti gbọ́ tó lónìí.”